Ta Ló Ni Gọ́tà Àdúgbò Wa?

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, tí ó sì wo àfikún kẹrin tó wà lápá ìparí rẹ̀, yóò rí àwọn iṣẹ́ tí òfin gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, itẹ́ òkú, títì àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà, kíkó pàǹtírí, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ara ilé, àkọsílẹ̀ ẹni tí a bí àti ẹni tó kú, títí dórí ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlanke. Kò sí ìjọba mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí gọ́tà bá dí, tàbí tí ẹnìkan bá ń sun táyà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tàbí tí pàǹtírí bá kún iwájú ilé-ìwé àwọn ọmọ wa, ilé kánsù kì í sábàá jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí ọkàn wa ń lọ. Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bi ara wa ni pé ta ni a mọ̀.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Iṣẹ́ náà kò ní owó oṣù, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí n rí bí àròyé ṣe ń kúrò lẹ́nu ará ilé tó ń lọ sí etí ìjọba, àti ibi tó ti máa ń sọnù lójú ọ̀nà. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kánsù wa kì í ṣe adití. Àròyé tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni kì í ní ẹni tí a yàn láti dáhùn rẹ̀, tí kì í ní ọjọ́ tí èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mú un wá kì í sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ tí yóò fi padà wá béèrè rẹ̀. Nítorí èyí, ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ará ìlú a máa di ojú rere tí à ń tọrọ, ẹni tí kò bá sì mọ ẹnikẹ́ni a káwọ́ lẹ́rán.

Ilẹ̀ àdúgbò wa dà gẹ̀rẹ́, òpópónà méjì sì ni omi òjò ń tọ̀ wálẹ̀ kó tó já sí odò. Àwọn onílé tó wà lápá òkè jẹ́ ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n retí kánsù títí tí ó sú wọn, wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra òkúta àti yẹ̀pẹ̀ pupa, wọ́n pe ẹni tó ní katapílà, wọ́n dí gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà wọn, wọ́n sì rọ kọnkéré sí ẹnu géètì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà náà ga sí i, ó sì gbẹ. Inú gbogbo wa ló dùn sí i. Ṣùgbọ́n omi tó máa ń dúró nínú kòtò wọn tẹ́lẹ̀ kò rí ibi dúró mọ́. Ó wá ń kó ara rẹ̀ jọ, ó ń fi agbára sáré wá sí òpópónà ìsàlẹ̀, níbi tí gọ́tà ti kéré, tí iyanrìn àti ọ̀rá sì ti dí ìdajì rẹ̀ pa.

Ní ìsàlẹ̀ yìí ni ìyá kan ti ń ta mọ́ínmọ́ín. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ó ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga, ó to àpò iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbé àpò ẹ̀wà rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì gíga kan kí omi má baà bá a. Ìlà omi hàn lára ògiri yàrá náà, ó pọ́n bí amọ̀, ó ga tó orúnkún àgbàlagbà. Lábẹ́ ìlà náà ọ̀dà ti bó, lókè rẹ̀ ọ̀dà ṣì ń dán. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, kì í lọ ẹ̀wà lọ́jọ́ náà mọ́, nítorí ẹ̀wà tí a bá ti lọ kò ní dúró de òjò kó dá. Ó sọ fún mi pé: “Akọ̀wé, àwọn ará òkè ti tún ọ̀nà wọn ṣe, Ọlọ́run yóò bá wọn tún ilé wọn ṣe. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n lé kúrò lọ́dọ̀ wọn yìí, ilé ta ni wọ́n ní kó máa lọ?”

N kò rí ìdáhùn kankan fún un, mo sì ti ń ro ìbéèrè náà láti ìgbà náà. Àwọn ará òkè kò ṣẹ̀. Kò sì sí àṣẹ tí ẹgbẹ́ onílé òpópónà kan ní lórí ti òmíràn. Ẹni kan ṣoṣo tí àṣẹ rẹ̀ kárí òpópónà méjèèjì, tó lè wọn ilẹ̀, tó lè la gọ́tà kan já láti òkè títí dé odò, tó sì lè pàṣẹ fún ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà pé kó wó o, ni kánsù. Owó tí a bá dá, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè ra àṣẹ yẹn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nínú ti ìyá yìí tí a kì í sábàá sọ síta. Ayálégbé ni. Onílé rẹ̀ ń gbé ní ìlú mìíràn, kì í sì wá sí ìpàdé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní ilẹ̀ wa, ìpàdé àdúgbò túmọ̀ sí ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, ayálégbé kì í sì í ní ẹnu níbẹ̀ àfi ìgbà tí owó tí a fẹ́ dá bá kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ayálégbé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí òjò ń lé jáde lóru. Bí kánsù bá sọ pé òun ti gbọ́ ti àdúgbò nítorí pé òun ti bá alága àwọn onílé sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù lọ kò tíì la ẹnu rárá.

A máa ń yin ara wa fún bí a ṣe ń ṣe é fúnra wa, ìyìn náà sì tọ́. Àdúgbò ló ń ra tiransifọ́mà, àdúgbò ló ń san owó ọlọ́dẹ, àdúgbò ló ń ṣe géètì, àdúgbò ló ń gbẹ́ kànga. Ọ̀wẹ̀ àti àáró kò jẹ́ tuntun sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ tí a fi ń ran ara wa lọ́wọ́ ti wá di ohun tí ìjọba fi ń sinmi. Bí a bá ti tún ohun kan ṣe, ìwé àròyé tí a kọ lórí rẹ̀ parí iṣẹ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tí yóò dáhùn rẹ̀ mọ́, owó tí ìjọba ìbá ná sí i yóò sì gba ibòmíràn lọ. Ní ọdún tó bá tẹ̀ lé e, àwa náà kì í kọ lẹ́tà mọ́. A ó kàn ní kí kálukú mú owó wá.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ gọ́tà jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré kò tíì pẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya lẹ́yìn òjò ńlá, ó wọ ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn tó ju 200 lọ. Àwọn àgbà ìlú yìí ṣì máa ń fi omíyalé Ògùnpa ka ọjọ́ orí ọmọ wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé, afárá já lọ́pọ̀ ibi, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 100. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ń tẹnu mọ́: a kọ́lé sí bèbè odò, a da pàǹtírí sínú omi, ojú àgbàrá kò sì tó. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá tó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. N kò bínú sí afárá àti ojú omi tí wọ́n fi owó náà ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí odò kún ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnìkan rí i pé wọ́n ń da pàǹtírí sójú omi, tó sì ń wá ẹni tí yóò wí fún. Ṣọ́bìrì àti bárò ni iṣẹ́ náà ì bá gbà nígbà yẹn.

Kí ló wá dé tí àròyé kò fi ní ibi tí yóò lọ? Ó ní ibi tó ń lọ nígbà kan. Ní Ìbàdàn àtijọ́, ẹni tó ní ẹ̀dùn ọkàn yóò kọ́kọ́ lọ bá baálé agbo-ilé; bí kò bá ṣeé parí níbẹ̀, yóò di ọ̀dọ̀ mógàjí, láti ibẹ̀ ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè, títí yóò fi dé iwájú Baálẹ̀, tí wọ́n yí oyè rẹ̀ padà sí Olúbàdàn ní ọdún 1936. Ètò náà ní àbùkù, nítorí àlejò àti obìnrin kì í sábàá rí ààyè tó tó níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ ipele rẹ̀. Nígbà ìjọba amúnisìn, wolé-wolé kún un. Àwọn ìyá wa bẹ̀rù wọn gan-an, nítorí wọn a wọ agbo-ilé láìròtẹ́lẹ̀, wọn a yọjú wo inú àmù bóyá tanwíjí wà nínú omi, wọn a wo ẹ̀yìnkùlé, wọn a sì kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá rí ẹ̀bi rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ẹjọ́. Ìwà àwọn kan nínú wọn kò dára, àwọn ènìyàn sì ní ìtàn rìbá wọn lẹ́nu. Síbẹ̀, wọ́n ń wá. Ìjọba ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú àgbàlá, ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí gọ́tà.

Nígbà tí òfin ọdún 1952 fún Ìwọ̀ Oòrùn ní kánsù tí a dìbò yàn, ìrètí pọ̀ pé ará ìlú yóò lè bá ẹni tí òun yàn sọ̀rọ̀. Adégòkè Adélabú di alága kánsù Ìbàdàn ní ọdún 1954, kò sì pẹ́ tí ìjọba ẹkùn náà fi gbé ìwádìí dìde lórí kánsù náà. Ìròyìn ìwádìí tí E. W. J. Nicholson darí, èyí tó jáde ní ọdún 1956, sọ̀rọ̀ nípa rìbá àti ojúsàájú. Òtítọ́ ni pé òṣèlú wà nínú bí wọ́n ṣe gbé ìwádìí yẹn kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé kánsù àtijọ́ mọ́ tónítóní yẹ kó rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àgbẹ́kọ̀yà dé, ní ọdún 1968 sí 1969. Owó orí tó wúwo ni a máa ń rántí, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà oko kò dára, àwọn agbowó-orí ń fìyà jẹ ènìyàn, wọn kò sì rí ohun tí owó wọn ń ṣe ní abúlé. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Ayọ̀ọlá láti gbọ́ wọn. Síbẹ̀ ẹ̀mí púpọ̀ ti lọ kí wọ́n tó dín owó orí kù sí pọ́n-ùn 2. Mo máa ń ronú lórí ìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ yẹn ní ohun kan tí àwa kò ní mọ́: owó wọn ni kánsù fi ń jẹun, nítorí náà nígbà tí wọ́n kọ̀ tí wọn kò san án mọ́, ìjọba gbọ́.

Àtúntò ọdún 1976 sọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà di irú kan náà, 301 ni wọ́n nígbà náà, ó sì fún wọn ní ìpín nínú owó tó ń wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Lónìí wọ́n ti di 774. Kánsù ńlá kan ṣoṣo tó ń ṣàkóso ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n pín sí márùn-ún ní ọdún 1991, tí ilé kánsù fi sún mọ́ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ti ọ̀nà rírìn. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ti gba ipò owó ará ìlú. Alága tó mọ̀ pé owó òun ń bọ̀ láti Àbújá, yálà gọ́tà dí tàbí kò dí, kò ní ìdí tó lágbára láti bẹ̀rù ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀. Ní tèmi, ibí yìí ni àròyé wa ti pàdánù eyín tó fi ń buni jẹ, kì í ṣe nínú ìwà burúkú alága kan tàbí òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni owó náà kì í dé ọ̀dọ̀ kánsù tààrà. Ó ń gba inú àpò àjùmọ̀ní tí òfin ní kí ìpínlẹ̀ ṣí, ọ̀pọ̀ gómìnà sì ń lò ó bó ti wù wọ́n, wọ́n ń tú kánsù tí a dìbò yàn ká, wọ́n ń fi ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn fúnra wọn rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àti pé kánsù tí a kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí owó bá tilẹ̀ dé lọ́la, ẹni tí yóò ka lẹ́tà wa kò tíì dé.

Mo fi ojú ara mi rí èyí ní ilé kánsù wa. A ti kọ̀wé lórí gọ́tà náà, a sì ní ẹ̀dà rẹ̀ tí òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀. Mo lọ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Alàgbà kan tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó sì ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ lẹ́tà sí síwájú mi. Wọ́n ti fa ìlà sí i dáadáa: ọjọ́ tí lẹ́tà dé, ẹni tó kọ ọ́, ohun tó dá lé lórí, ẹ̀ka tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, àti ọjọ́ tí èsì jáde. Ìlà ìkẹyìn yìí ṣófo láti òkè ojú ewé náà dé ìsàlẹ̀. Mo bi í pé, “Bàbá, ṣé lẹ́tà wa sọnù ni?” Ó ní, “Rárá o, Akọ̀wé. Lẹ́tà yín kò sọnù. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà, wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sówó fún un lọ́dún yìí. Kò kàn sí ẹni tí wọ́n ní kó kọ èsì yẹn ránṣẹ́ sí yín ni.” Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó gbà mí nímọ̀ràn bí ẹni tó fẹ́ràn mi pé kí a lọ kí Alága nílé, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Èsì wà. Wọ́n ti ro ọ̀rọ̀ wa, wọ́n ti pinnu, ìpinnu náà sì wà nínú fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè rí. Bí wọ́n bá ti kọ̀wé sí wa pé kò sówó lọ́dún yìí, à bá mọ̀ pé ó yẹ kí a béèrè bóyá ó wà nínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, ìyá onímọ́ínmọ́ín ì bá mọ̀ bóyá kí òun wá ṣọ́ọ̀bù sí ibòmíràn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. “Rárá” tí a kọ sínú ìwé wúlò ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Ní ti kíkí alága nílé, òtítọ́ ni pé ojú lọ̀rọ̀ wà, Yorùbá kò parọ́. Ṣùgbọ́n ojú ta ni? Ẹni tó bá lè wọṣọ dáadáa, tó bá lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá, tó bá ní ẹni tí yóò mú un wọlé, òun ni ojú rẹ̀ yóò kan ojú alága. Ìwé kì í wo aṣọ.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, nítorí ọmọ dáadáa ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bú u. Bí ẹ bá dé ilé rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, ẹ ó bá àwọn ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnìkan ń wá owó ilé-ìwé, ẹnìkan ń ṣe ìsìnkú, ẹnìkan ń sọmọ lórúkọ. Ó sọ fún mi pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi òun ní ohun tí òun sọ ní ìpàdé kánsù. Iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó máa bá wa ṣe òfin àdúgbò, kó máa yẹ ètò ìnáwó wò, kó sì máa béèrè lọ́wọ́ alága bí owó ṣe rìn. Gbogbo wa ti sọ ọ́ di olùpín-àánú, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó fún ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò tí a ti lè gbọ́ Yorùbá lójú títì láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ilé ọtí kan wà lábẹ́ ilé rẹ̀ tí orin rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn. Ó kọ̀wé sí kánsù rẹ̀. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà àròyé kan, wọ́n sì sọ ọjọ́ tí yóò gbọ́ èsì fún un. Èsì náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n mi kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú kánsù. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n fi já a kulẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè ní kí ọ̀gá mìíràn tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, àti pé bí ìyẹn náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè fi ẹjọ́ kánsù náà sun Ombudsman, ọ́fíìsì tí òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1974 láti máa gbọ́ ẹjọ́ ará ìlú lórí ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tó kọ̀ fún un ló tún fi ibi tí yóò ti fi ẹjọ́ wọn sùn hàn án. Nígbà tó ka apá ibẹ̀ fún mi lórí fóònù, ó rò pé ohun lásán ni. Èmi ní kó tún un kà.

N kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀run rere wà lókè òkun. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná jó ilé gogoro Grenfell ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 72 sì kú. Àwọn ayálégbé ibẹ̀ ti ń kọ̀wé ṣáájú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ síta pé àfi bí àjálù ńlá bá ṣẹlẹ̀ ni àìkúnjú-ìwọ̀n àwọn tó ń ṣàkóso ilé náà yóò tó hàn síta. Ìwádìí tó parí ní ọdún 2024 sọ pé àwọn alákòóso yẹn ka àwọn kan nínú àwọn tó ń ráhùn sí oníjàngbọ̀n. Ìwé wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, ipele wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni pé kí a ka ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kún. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé àti èsì, mo mọ̀ pé wọn kò tó. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ayálégbé yẹn ti kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ lẹ́yìn iná pé òun kò gbọ́. Ní tiwa, lẹ́yìn gbogbo omíyalé, ohun tí a máa ń gbọ́ náà nìyẹn: ẹnikẹ́ni kò wí fún wa.

Ó sì yà mí lẹ́nu bí irinṣẹ́ tí àwa náà ní ṣe pọ̀ tó tí a kò lò. Láti ọdún 1975 ni Nàìjíríà ti ní àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú lórí òṣìṣẹ́ ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ sì wà lára àwọn tó lè yẹ̀ wò, láìgba kọ́bọ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kó sì gba èsì láàárín ọjọ́ 7, láìsọ ìdí tó fi ń béèrè rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan jiyàn fún ọdún púpọ̀ pé òfin náà kò kan àwọn, títí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo wọn. Ìtumọ̀ èyí fún wa ni pé fáìlì tí alàgbà yẹn sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi kì í ṣe àṣírí. Tiwa ni.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo bẹ àwọn àgbà àdúgbò pé kí a jẹ́ kí àwọn ayálégbé náà fọwọ́ sí lẹ́tà tuntun tí a fẹ́ kọ. Àríyànjiyàn wà. Bàbá kan ní ayálégbé lè kó lọ lọ́la, kí ló kàn án pẹ̀lú gọ́tà? Alága wa dá a lóhùn pé omi kì í béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kó tó wọlé. Wọ́n gbà. Àwọn ará òpópónà òkè náà fọwọ́ sí i, èyí tó wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí wọn kò ní ìṣòro omi mọ́.

Lẹ́tà náà kúrú. A kò bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀, a kò sì bú ẹnikẹ́ni. A sọ ibi tí gọ́tà náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó já sí, a ya àwòrán rẹ̀, a tọ́ka sí apá òfin tó fi í sábẹ́ àṣẹ kánsù. A béèrè fún ẹ̀dà ohun tí ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀nà kọ sínú fáìlì wa lábẹ́ òfin ọdún 2011, a béèrè bóyá iṣẹ́ náà wà nínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, a sì béèrè pé kí wọ́n rán ẹnìkan tó mọ̀ nípa ilẹ̀ wíwọ̀n wá wo òpópónà méjèèjì pa pọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. A fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ wa, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kó gbé e dìde ní ìpàdé kánsù kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ní ìparí rẹ̀, a béèrè pé kí èsì náà, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́, wá ní kíkọ, kí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i lára. Bí ọjọ́ 7 bá pé láìsí èsì, ọ́fíìsì àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú ni a ó gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ.